Lẹ́tà Tí Mo Fà Sẹ́yìn Lọ́jọ́ Ìwúyè Ṣánsẹ́lọ̀

Ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni mò ń gún lọ́wọ́ nígbà tí ọ̀rọ̀ náà dé etí mi. Ìtùnú, àkọ́bí mi, ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ kíláàsì kejì ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ nígbà náà, òjò àkọ́rọ̀ sì ti ń rọ̀. Ẹni tó bá ti ra dòdò lẹ́bàá títì ní Ìkirè rí mọ̀ pé ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ti pọ́n kọjá ààlà, tí èèpo rẹ̀ ti dúdú, la fi ń ṣe é. A ó gún un mọ́ ata àti iyọ̀, a ó wá rọra máa sọ ọ́ sínú epo pupa gbígbóná títí tí yóò fi dúdú. Iṣẹ́ tí kò fẹ́ ìkánjú ni. Mo ṣì di ọmọ odó mú nígbà tí Ìyá Ìbùkún, télọ̀ tí ilé rẹ̀ kan tèmi, já wọlé pẹ̀lú téèpù ìwọnṣọ lọ́rùn.

Ó ní, "Ìyá Ìtùnú, wọ́n ti ń dí géètì o."

"Géètì wo?"

"Èwo ló tún kù? Géètì ẹ̀yìn. Búlọ́ọ̀kù ti dé àyà bíríkìlà."

"Ibo làwọn ọmọ máa wá gbà?"

"Mo bi wọ́n bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní títì ṣáà wà."

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń gba ilẹ̀kùn irin kékeré yẹn kọjá lónìí, tí ẹ rò pé bó ṣe wà nìyẹn láti ìpilẹ̀ṣẹ̀, nítorí yín ni mo ṣe ń kọ èyí. Èmi kì í ṣe olóṣèlú. Ìwé mẹ́wàá ni mo kà, ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni mò ń dín. Àmọ́ mo wà níbẹ̀, ẹ̀bi tèmi wà nínú rẹ̀, inú sì ń bí mi títí di bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí.

Ilẹ̀ tí yunifásítì náà wà, oko kòkó àti obì àwọn bàbá wa ni, láàárín Ìkirè àti Àpómù. Nígbà tí wọ́n ń gbà á, wọ́n ṣèlérí níwájú àwọn àgbà pé ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ tó gba inú oko já sí Ìkirè kò ní parẹ́. Ẹnu ni wọ́n fi ṣèlérí. Kò sẹ́ni tó kọ ọ́ sílẹ̀, nítorí lọ́dọ̀ wa, bí o bá ní kí àgbà kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ sílẹ̀, o ti pè é ní òpùrọ́. Géètì ẹ̀yìn ni wọ́n ṣe sí ojú ọ̀nà náà. Láti ìgbà náà, ọmọ tó bá jí ní ìhà Àpómù lọ́dọ̀ wa yóò gba inú ọgbà yunifásítì já sí ilé ìwé rẹ̀ ní Ìkirè, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò sì ní kan títì ọlọ́dà.

Ọ̀sẹ̀ tí wọ́n dí i ni àwọn ọmọ wa bẹ̀rẹ̀ sí í gba ẹ̀gbẹ́ títì Ìbàdàn sí Ifẹ̀. Ẹ mọ títì yẹn. Tírélà tó bá ti Ìbàdàn bọ̀ kì í mọ̀ pé ènìyàn ń gbé ibẹ̀. Lọ́jọ́ kẹta, atẹ́gùn tírélà kan gbé Ìtùnú sínú gọ́tà. Ó wọlé tòun ti ẹrẹ̀ lójú, ó ní, "Mọ́mì, mi ò sunkún o. Ìbùkún ló fà mí jáde." Ìbùkún ni ọmọ Ìyá Ìbùkún. Ó fi ọdún kan ju tèmi lọ, ó sì ti gbà pé òun ni ẹ̀gbọ́n. Ojoojúmọ́ ni wọ́n jọ ń di ọwọ́ ara wọn mú lọ.

Àwa obìnrin lọ bá olórí ẹ̀ṣọ́ ilé ìwé náà. Ó jókòó, àwa dúró. Ó ní, "Ẹ ní sùúrù. A fẹ́ wúyè fún Ṣánsẹ́lọ̀ tuntun. Àwọn èèyàn ńlá ń bọ̀, ẹ̀yìn àgọ́ àlejò gan-an ni ọ̀nà yín yẹn já sí. Ṣé abọ́ ọ̀gẹ̀dẹ̀ lẹ fẹ́ kí wọ́n máa wò ni?"

Màmá Fẹ́hìntọlá, olórí àwa tí à ń dín dòdò, dá a lóhùn. Ìyá ìjọ ni ní ṣọ́ọ̀ṣì aláṣọ funfun, kì í pariwo. Ó ní, "Ọ̀gẹ̀dẹ̀ yìí náà lẹ máa ń rà tí ẹ bá ń relé."

Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín. "Etí títì nìyẹn, màmá. Ibí yìí yunifásítì ni."

Abẹ́ àtíbàbà Màmá Fẹ́hìntọlá la ti ṣèpàdé. Èmi ni wọ́n ní kí n kọ lẹ́tà, nítorí pé èmi ni mo kàwé jù nínú wa. Mo kọ ọ́ dáadáa. Mo sọ ti ìlérí àwọn àgbà, mo sọ ti gọ́tà, mo sọ pé kí wọ́n ṣí ọ̀nà náà kí ọmọ má baà kú. Ọ̀rọ̀ wá kan ẹni tí a máa fún.

Màmá Fẹ́hìntọlá ní, "Èyí ò le. Bí baálẹ̀ bá ṣẹ̀ ọ́, ọ̀dọ̀ ta lò ń lọ? Ọ̀dọ̀ ọba. Ṣánsẹ́lọ̀ yìí, gbogbo wọn ló ń dìde fún un. Ọ̀gá àgbà yunifásítì gan-an, ẹ̀yìn rẹ̀ ló ń rìn. A ó kúnlẹ̀ fún Ṣánsẹ́lọ̀ lójú ọ̀nà, a ó sì fi lẹ́tà lé e lọ́wọ́. Kò sọ́ba tí yóò rí ìyá ọmọ lórí ìkúnlẹ̀ tí kò ní dá a lóhùn."

Gbogbo wa ní bẹ́ẹ̀ ni. Ọkùnrin kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀, Bàbá Tíṣà, tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́, ọmọ ìjọ Áńgílíkà, tó jẹ́ pé òun ló kọ́ ìdajì wa ní ABD. Ó gbọ́wọ́ sókè bí ọmọ ilé ìwé.

Ó ní, "Ẹ jọ̀wọ́, Ṣánsẹ́lọ̀ kì í ṣe ọba."

"Kí ló wá jẹ́?" Èmi ni mo bi í.

"Láyé àtijọ́, nílẹ̀ Òyìnbó, ṣọ́ọ̀ṣì ló ni ilé ìwé. Bíṣọ́ọ̀bù ní akọ̀wé kan tó ń tọ́jú èdìdì rẹ̀. Òun ni Ṣánsẹ́lọ̀. Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ kọ́ni láìgba àṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà yẹn, agbára wà lọ́wọ́ rẹ̀. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ó ń dá ẹjọ́ àwọn ọlọ́jà ìlú pàápàá. Nígbà tó yá, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi oyè náà ta àwọn ọlọ́lá lọ́rẹ. Àwọn yẹn ò gbé ilé ìwé, ààfin ni wọ́n ń gbé. Igbákejì wọn, tí à ń pè ní ọ̀gá àgbà lónìí, ló wá ń ṣe gbogbo iṣẹ́. Agbára ti kúrò lára oyè náà láti ọjọ́ yẹn, aṣọ nìkan ló kù. Aṣọ náà ni wọ́n kó wá bá wa. Lẹ́yìn òmìnira, àwọn olóṣèlú ńlá ni wọ́n fi jẹ ẹ́. Lẹ́yìn wọn, wọ́n ń mú ọba Òkè Ọya wá jẹ ẹ́ lọ́dọ̀ wa, wọ́n ń mú tiwa lọ sọ́hùn-ún, kí ilẹ̀ wa lè jọ ṣọ̀kan. Nísinsìnyí, olówó náà ń jẹ ẹ́."

Màmá Fẹ́hìntọlá ní, "Tíṣà, iṣẹ́ wo ló ń ṣe?"

"Ó ń wọ gáùn, ó ń jókòó sórí àga tó ga jù, ó ń fi oyè dá àwọn tó jáde lọ́lá, ó ń bọ̀ wọ́n lọ́wọ́. Ó ń lọ sílé. Géètì kò sí nínú iṣẹ́ rẹ̀. Ọ̀gá àgbà ló ni géètì. Ẹ fún ọ̀gá àgbà ní lẹ́tà yín."

Ẹ̀yin ọmọ, ọ̀rọ̀ tó pé nìyẹn. Ká ní mo gbọ́ ọ ni, n kì bá máa kọ ìwé yìí. Ohun tí mo sọ ni pé, "Bàbá, ṣé torí pé ọmọ yín ń tẹ̀wé ní ọ́fíìsì ọ̀gá àgbà ni? Ẹ fẹ́ ká mú ẹjọ́ olè lọ bá olè."

Àwọn obìnrin rẹ́rìn-ín. Ẹnìkan ní, "Ọmọ ẹni kì í ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀, ká fi ìlẹ̀kẹ̀ sí tọmọ ẹlòmíì. Ẹ jẹ́ kí wọ́n gbèjà ọmọ wọn." Bàbá Tíṣà wò mí, ó mú fìlà rẹ̀ lórí bẹ́ǹṣì, ó ní, "Ó dára, Ìyá Ìtùnú," ó sì lọ. Òun ló kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń di bírò mú.

Ọjọ́ ayẹyẹ pé. A wọ aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì, a tò sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà tó wọ inú ọgbà lọ, dòdò tí a fi ewé pọ́n wà lọ́wọ́ àwọn kan láti fi ki àlejò. Lẹ́tà wà lọ́wọ́ mi nínú àpòòwé. Ọ̀gá àgbà yunifásítì ló kọ́kọ́ jáde, ó wá dúró de Ṣánsẹ́lọ̀. Ó rí wa. Ó kúrò láàárín àwọn èèyàn rẹ̀, ó rìn wá sọ́dọ̀ wa, òun àti akọ̀wé kan.

Ó ní, "Ẹ káàárọ̀, ẹ̀yin ìyá. Mo gbọ́ pé ẹ ní lẹ́tà." Ó na ọwọ́.

Mo rí ọwọ́ náà. Mo lè sọ bí ó ṣe rí fún yín títí dòní: aago onírin, inki dúdú lára ìka. Ó dúró níwájú mi níbẹ̀ pẹ́ tó láti ka ìdajì Àdúrà Olúwa. Mo wo Màmá Fẹ́hìntọlá. Ó mi orí. Mo fa lẹ́tà náà sẹ́yìn, mo fi pamọ́ sí abẹ́ gèlè tí mo so mọ́dìí.

Mo ní, "Ẹ má bínú, sà. Ṣánsẹ́lọ̀ la kọ ọ́ sí."

"Ó dá yín lójú?"

"Ó dá wa lójú, sà. Orí la fẹ́ bá sọ̀rọ̀, kì í ṣe ọrùn."

Àwọn obìnrin tó wà lẹ́yìn mi rẹ́rìn-ín. Mo gbádùn ẹ̀rín yẹn. Ọ̀gá àgbà fa ọwọ́ rẹ̀ padà, ó ní, "Ẹ ṣeun," ó sì wo akọ̀wé rẹ̀. Akọ̀wé náà kọ nǹkan sínú ìwé. N kò fi ọkàn sí i.

Ṣánsẹ́lọ̀ dé. Àgbàlagbà ni, oníṣòwò láti ìlú mìíràn, ojú rẹ̀ tutù. A kúnlẹ̀ pọ̀ọ́. Mo fi ọwọ́ méjèèjì gbé lẹ́tà sókè. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó gbà á, ó ní, "Áà, ẹ̀yin ìyá wa. Ẹ dìde, ẹ dìde. A máa wò ó." Ó fi fún ẹni tó gbé gáùn rẹ̀. Ẹni tó gbé gáùn rẹ̀ fi sábẹ́ apá, ó gba dòdò kan lọ́wọ́ Ìyá Ìbùkún, wọ́n sì wọlé. A kọ orin ọpẹ́.

Láàárín búlọ́ọ̀kù méjì tí símẹ́ǹtì kò dé, ní ibi tí géètì wa wà tẹ́lẹ̀, mo yí lọ dúró wo ayẹyẹ náà. Wọ́n gbé ọ̀pá àṣẹ jáde, wọ́n wọ gáùn pupa olówùú wúrà fún un, wọ́n dé fìlà olókùn wúrà fún un. Ó búra. Gbogbo ènìyàn dìde, ọ̀gá àgbà náà dìde, mo sì sọ fún ara mi pé, Bàbá Tíṣà ti darúgbó, ọba ni èyí. Ṣánsẹ́lọ̀ bọ̀ wọ́n lọ́wọ́, ó ka ọ̀rọ̀ ráńpẹ́ nípa ìmọ̀ àti ìwà. Kí wọ́n tó gbé oúnjẹ wá, mọ́tò rẹ̀ ti jáde.

A dúró de èsì. Ọ̀sẹ̀ kan kọjá, ìkejì kọjá. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, Ìtùnú nìkan ló wọlé láti ilé ìwé. Kò sunkún. Bàtà kan wà lọ́wọ́ rẹ̀, bàtà dúdú tí okùn rẹ̀ já, kì í ṣe tirẹ̀.

Mo ní, "Bàtà ta nìyí?"

Ó ní, "Ti Ìbùkún ni. Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú, Mọ́mì. Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú dáadáa."

Bọ́ọ̀sì ni. Ó sá fún ihò, ó sì gbá a. Ìbùkún kò kú. Kí Ọlọ́run jọ̀wọ́ dárí jì mí pé ohun tí mo kọ́kọ́ rò ni pé kì í ṣe tèmi. Egungun itan rẹ̀ fọ́ sí ọ̀nà méjì. Orí ibùsùn ọsibítù ló wà, wọ́n so òkúta mọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ kí egungun náà lè tò, nígbà tí èsì lẹ́tà wa dé láti ọ́fíìsì ọ̀gá àgbà.

Èmi ni mo kà á fún wọn lábẹ́ àtíbàbà. Ó ní ipò Ṣánsẹ́lọ̀ jẹ́ ipò iyì, kì í dá sí ìṣàkóso ojoojúmọ́. Ó ní ọ̀gá àgbà fúnra rẹ̀ na ọwọ́ lọ́jọ́ ayẹyẹ láti gba ìwé ẹ̀sùn, ṣùgbọ́n aṣojú àwọn obìnrin kọ̀ láti fi sílẹ̀ lójú àwọn ẹlẹ́rìí. Nítorí náà, kò sí ẹ̀sùn kankan níwájú ilé ìwé.

Aṣojú àwọn obìnrin. Èmi nìyẹn.

Ìyá Ìbùkún jókòó, téèpù ṣì wà lọ́rùn rẹ̀, ó ń yí i mọ́ ìka. Ó ní, "Kà á lẹ́ẹ̀kan sí i." Mo kà á. Ó ní, "Wọ́n mọ̀ pé a ní ẹ̀sùn. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé a gbé e wá. Wọ́n ṣáà ní kò sí."

Gbólóhùn yẹn ló lé ìtìjú kúrò lára mi, tí ìbínú fi ráyè. Mo ti ń fi ara mi bú láti ọjọ́ tí bàtà wọlé. Mo ṣẹ̀, n kò sẹ́. Àmọ́ ta ló mọ ògiri? Ṣé lẹ́tà ló máa sọ fún ẹni tó mọ ògiri pé ògiri wà? Ọ̀gá àgbà ń gba títì yẹn wá síbi iṣẹ́ láràárọ̀, nínú mọ́tò tí wọ́n ti fèrèsé rẹ̀. Ó ń rí yúnífọ́ọ̀mù àwọn ọmọ wa. Ẹni tó fi àìgbọ́n obìnrin kan ṣe ìdí tí ọmọ fi ń sá fún bọ́ọ̀sì, ìwé kíkà rẹ̀ ti di ohun ìjà.

Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́ kedere, a ti gbé àdògán wa lọ sí ẹnu géètì ńlá yunifásítì. Agbada ìdín-dòdò mọ́kànlá. A dá iná, a gbé epo kaná, a da ata sí i. Ẹ̀yin tí ẹ mọ òórùn ata nínú epo pupa, ẹ mọ̀ pé kò sí mọ́tò tó lè gba inú rẹ̀ kọjá láìwúkọ́.

Olórí ẹ̀ṣọ́ jáde. "Ẹ gbé iná yín kúrò níbí."

Màmá Fẹ́hìntọlá ní, "Ẹ gbé ògiri yín kúrò lọ́hùn-ún."

"Màmá, ẹnu ọ̀nà yunifásítì nìyí."

"Etí títì ni. Ẹ̀yin lẹ sọ pé ibẹ̀ ni àyè wa."

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ́rìn-ín. Wọ́n ra dòdò, wọ́n jókòó sílẹ̀, wọ́n ń jẹ ẹ́, wọn ò wọ kíláàsì. Ọmọbìnrin kan láàárín wọn ní, "Ẹ̀yin ìyá, ẹ má dìde o. Ọ̀nà yẹn làwa náà ń gbà lọ ra gaàrí." Ní ọ̀sán, mo gbórí sókè, mo rí Bàbá Tíṣà tó ń gbé àga bọ̀ láti ìhà Àpómù. Ó gbé e sí ẹ̀gbẹ́ iná mi. Mo kúnlẹ̀. Ó ní, "Dìde, ọ̀gẹ̀dẹ̀ rẹ ń jóná." Kò jẹ́ kí n bẹ òun.

Lọ́jọ́ kejì, ẹ̀ṣọ́ kan fi ẹsẹ̀ ta àdògán mi. Epo gbígbóná dà sí mi lẹ́yìn ẹsẹ̀ òsì. Àpá rẹ̀ nìyẹn tí ẹ máa ń bi mí. Àwọn obìnrin fi omi iyọ̀ wẹ̀ ẹ́ fún mi, mo sì tún iná dá.

Lọ́jọ́ kẹta, ọ̀gá àgbà fi ẹsẹ̀ rìn jáde. Ojú rẹ̀ pọ́n, bóyá ata ni. Ó wá dúró níwájú mi, ó tún na ọwọ́ yẹn.

Ó ní, "Ṣé ọwọ́ mi ti tó gba lẹ́tà báyìí?"

Mo ti tún un kọ. Mo fi sí i lọ́wọ́. Mo ní, "Ó tó láti ọjọ́ tó ti mọ ògiri, sà. Èmi ni n kò mọ̀. Ẹ̀yin mọ̀."

Ó ṣí i, ó kà á níbẹ̀ lórí ìnàró, ó dé ibi tí mo kọ orúkọ Ìbùkún sí, ó kà á lẹ́ẹ̀mejì. Ní ọjọ́ karùn-ún sí ìgbà náà, wọ́n fọ́ ògiri náà níbi tó ga tó ènìyàn, wọ́n fi ilẹ̀kùn irin sí i.

Ohun tí a jà gbà nìyẹn: ilẹ̀kùn kan, tí ẹ̀ṣọ́ ń ṣí láàárọ̀, tó sì ń tì nígbà tí ilé ìwé bá jáde tán. Tí wọ́n bá ní ayẹyẹ, wọ́n máa ń tì í látàárọ̀. Ìwé kò sí. Mo ti bèèrè ìwé lẹ́ẹ̀mẹ́ta, wọ́n ní kí n fọkàn balẹ̀, ẹnu àwọn tó. Ẹnu làwọn bàbá wa gbà. Ẹ̀yin tí ẹ kàwé jù mí lọ, ìwé yẹn lẹ jẹ wá. Ẹ lọ gbà á, kí ẹ sì mọ ẹni tí ẹ máa gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ kí ẹ tó kúnlẹ̀. Ìbùkún ń rìn, ẹsẹ̀ kan kúrú. Títí di òní, kò sí ẹnì kan láti inú ọgbà yẹn tó tíì kan ilẹ̀kùn ìyá rẹ̀ láti sọ pé, ẹ pẹ̀lẹ́. Ṣánsẹ́lọ̀ náà ṣì ń wá lọ́dọọdún. Mo máa ń gbọ́ fèrè mọ́tò rẹ̀. N kò bínú sí i tó bí mo ṣe rò. Kò ní nǹkan kan lọ́wọ́ tí ìbá fi gbà wá.

Lọ́jọ́ tí Ìbùkún padà sílé ìwé, mo sin àwọn méjèèjì dé ilẹ̀kùn irin yẹn. Ìtùnú gbé báàgì méjì, tirẹ̀ àti ti Ìbùkún. Ó bi mí pé, "Mọ́mì, ọkùnrin aláṣọ pupa yẹn, kí ló ṣe tí kò fi ṣí i fún wa?"

Mo ní, "Kọ́kọ́rọ́ ò sí lọ́wọ́ rẹ̀. Èmi ló yẹ kí n mọ̀."

Ó ronú sí i. "Tí wọ́n bá tún tì í ńkọ́?"

Mo tún kọ́là aṣọ Ìbùkún ṣe, mo fi ọwọ́ Ìtùnú lé e lọ́wọ́. Mo ní, "Má sáré ṣíwájú rẹ̀. Bó bá ń rọra lọ, ìwọ náà rọra lọ. Tí ẹ bá débí tí wọ́n ti tì í, ẹ má gba títì. Ẹ jókòó sẹ́nu rẹ̀, kó o ránṣẹ́ sí mi. Màá gbé àdògán mi bọ̀."